Àbá tí Ọláwọlé Dá

Ìró tí Ọláwọlé kò lè gbàgbé kì í ṣe ti aago ìjọ, kì í sì í ṣe ti orin. Ìró apá aṣọ ni. Ní Ṣakí, nígbà tó wà lọ́mọdé, bí ìpàdé ìjọ bá ti dé ibi tí pásítọ̀ ń béèrè pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fara mọ́ ọn ńkọ́?", gbogbo ọwọ́ á gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, apá bùbá àti dàńṣíkí á sì dún fìrìrì, bí ìgbà tí agbo ẹyẹlé bá ṣí lórí páànù. Bàbá rẹ̀ ni akọ̀wé ìjọ. Á máa fi bírò ka ọwọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan ló dá ọwọ́ nà sókè pé òun ò fara mọ́ ọn. Pásítọ̀ ní kí wọ́n gbé àga fún un, kó jókòó sọ tẹnu rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n sì tún gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Bí Onítẹ̀bọmi ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìjọ ló ni ìjọ.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Ọláwọlé ti wà ní Johannesburg. Ó ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Marshalltown títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ kú síbẹ̀, ó wá ku òun nìkan nínú ilé àtijọ́ kan tó háyà ní Bertrams. Òun ni díákónì àgbà nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi kékeré tí àwọn Yorùbá dá sílẹ̀ ní àdúgbò Rosettenville.

Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbi ìpàdé ìjọ náà lórí èdè tí wọn yóò máa fi ṣe ìsìn, nítorí àwọn ọmọ ò gbọ́ Yorùbá mọ́. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ó di èébú. Pásítọ̀ Olúwaníyì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, sunkún lórí pẹpẹ. Àánú rẹ̀ ṣe Ọláwọlé. Ó dìde, ó dá àbá pé kí ìpàdé ìjọ lọ sinmi ná, kí pásítọ̀ máa fi ọgbọ́n Ọlọ́run darí ohun gbogbo títí ara yóò fi rọ oníkálukú. Díákónì Johnson kín in lẹ́yìn. Ọwọ́ gòkè. Òtútù oṣù keje ló wà níta, kóòtù ni gbogbo wọn wọ̀. Apá aṣọ ò tilẹ̀ dún.

Kò sẹ́ni tó dá ọjọ́ tí ìsinmi náà yóò parí. Ìpàdé nìkan ló lè dá ìpàdé padà, ìpàdé kò sì sí mọ́. Bí wọ́n ṣe fọwọ́ ara wọn tilẹ̀kùn nìyẹn, tí wọ́n gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé.

Díẹ̀díẹ̀, pásítọ̀ di ẹni tó ń sọ ẹni tí ọmọge yóò fẹ́ àti àdúgbò tí tọkọtaya yóò gbé. Ẹni tó fẹ́ lọ sin ìyá rẹ̀ nílé á kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe Fúnṣọ́ sí iṣẹ́ dókítà ní Durban, pásítọ̀ ní òun ò gbọ́ ohùn Ọlọ́run níbẹ̀. Fúnṣọ́ kọ̀wé sí Durban pé òun ò wá mọ́. Fúnṣọ́ yìí ló fẹ́ Bùkúnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọláwọlé bí.

Ọ̀rọ̀ Durban yìí ni Ọláwọlé rò títí, tó fi na ọwọ́ sókè lọ́jọ́ ìsinmi kan nínú oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn ìkéde. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ ìgbà tí ìpàdé ìjọ yóò padà. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó ti rẹ Bàbá wa," ló sọ fún ìjọ. "Ẹ jẹ́ ká rántí wọn nínú àdúrà."

Kò tó ọjọ́ mẹ́ta, ìkéde jáde lórí Wasáàpù ìjọ pé Bàbá wà lábẹ́ ìbáwí nítorí ẹ̀mí ìṣọ̀tẹ̀. Ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ wọn, kò gbọdọ̀ bá wọn jẹun tàbí kó lọ sílé wọn, títí wọn yóò fi kọ̀wé tọrọ àforíjì. Ọláwọlé fẹ́ fèsì, àmọ́ wọ́n ti ṣe é débi pé pásítọ̀ nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀. Bùkúnmi lóyún oṣù mẹ́jọ nígbà náà. Kò wá mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Fúnṣọ́ pe Ọláwọlé lórí fóònù, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Dádì, ẹ kú oríire. Obìnrin ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé mo pè yín o."

Ọláwọlé béèrè ẹni tí ọmọ jọ. Fúnṣọ́ ní Mọ́mì ló jọ, ìyẹn ìyàwó Ọláwọlé tó ti kú. Ó fi kún un pé ní ọjọ́ kẹjọ, pásítọ̀ nìkan ni yóò sọ gbogbo orúkọ ọmọ náà.

Lọ́jọ́ kejì, Ọláwọlé dúró létí títì, ó na ìka kan sókè bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ láti dá takisí tó ń lọ sígboro dúró. Takisí dúró. Ó rò ó pé ó kéré tán, àwọn dẹ́rẹ́bà takisí ṣì ń ka ọwọ́ òun sí. Ó wọ òmíràn láti ìgboro dé Rosettenville, ó gba ilé Johnson lọ.

Johnson ò ṣí géètì. Ó dúró sẹ́yìn irin, ó ń wo òpópónà lọ́tùn-ún lósì. Ọláwọlé ní bí díákónì méjì bá fohùn ṣọ̀kan, àwọn lè pe ìpàdé.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló dá àbá? Ẹ̀yin ni. Ta ló kín in lẹ́yìn? Èmi ọ̀dẹ̀ yìí ni. A gbẹ́lẹ̀ sin ara wa tán, ẹ ní ká máa hú ara wa." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dé ojú. Ó ní oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó ọmọ òun, pásítọ̀ ló sì máa so wọ́n pọ̀. Kí àgbàlagbà náà má baà lọ lọ́wọ́ òfo, ó na ike omi kan sí i láàárín irin.

Òpópónà méjì péré ló wà láàárín ibẹ̀ àti ilé Bùkúnmi, Ọláwọlé sì fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Òdòdó aláwọ̀ àlùkò ti bo gbogbo ilẹ̀ lábẹ́ igi, bó ṣe máa ń rí lóṣù kẹwàá. Lẹ́yìn ọgbà, aṣọ ọmọ tuntun wà lórí okùn, wọ́n kéré bí ewé. Bùkúnmi jáde wá kó wọn. Ó rí baba rẹ̀, ó dúró sójú kan, aṣọ lápá.

"Dádì, ẹ máa lọ sílé."

"Mi ò wọlé, Bùkún. Mo kàn dúró ni."

"Ẹ kọ ìwé àforíjì náà, Dádì. Ìlà kan péré ni. Ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ wá gbé ọmọ yín."

"Kí ni kí n ní mo ṣe?"

"Ohunkóhun tí wọ́n bá ní ẹ ṣe."

Omi bọ́ lójú Bùkúnmi. Ọmọ ké nínú ilé, igbe tó tinrín, tó sì ń bínú. Bùkúnmi sáré wọlé. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà o. Wọn ò jẹ́ kó sún mọ́ ọmọ ni. Ìbọ̀sẹ̀ kékeré kan ti já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ géètì. Ọláwọlé na ọwọ́ wọ inú irin, ó mú un, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀, ó fi í kọ́ orí géètì, kí wọ́n lè rí i.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, tí ìkómọ ku ọ̀la, ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé ní Bertrams, fóònù lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà gígùn sí pásítọ̀ nípa òfin ìjọ, nípa Ṣakí, nípa ìyá arúgbó tí wọ́n gbé àga fún. Ó kà á, ó pa á rẹ́. Ó kọ òmíràn tó le, ó pa ìyẹn náà rẹ́. Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé nígbà tó fi ọ̀kan ránṣẹ́:

"Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Pásítọ̀. Èmi Díákónì Ọláwọlé jẹ̀bi ẹ̀mí ìṣọ̀tẹ̀. Mo tọrọ àforíjì. N kò ní béèrè ìpàdé mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n wá síbi ìkómọ lọ́la. Ẹ̀yìn ni n ó jókòó sí. Bí orúkọ tí ẹ ní kò bá tíì pé, mo ní ọ̀kan, Àdúràgbèmí, ṣùgbọ́n kò pọn dandan."