Irun Wèrè Ardith

Ọwọ́ Orville ò gbélé. Bí yìnyín ṣe yọ́ tán ní Áíówà, ó fa àlùmọ́gàjí ńlá yọ, ó fá sipiríà, igi olódòdó tí ìyá rẹ̀ olóògbé gbìn síwájú ilé, kodoro. Ó wá yọjú sí Ardith, arúgbó aládùúgbò rẹ̀, tí igi sipiríà tirẹ̀ rí wúruwùru.

"Màmá, ìgbà wo lẹ máa gé irun wèrè yìí?"

"Tó bá tanná tán."

Orville rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ara ẹ̀ka àtèṣí tí òun ti gé dànù ni òdòdó igi náà ti ń yọ.

Nígbà tí oṣù karùn-ún ń parí lọ, gbogbo ìlú ń kó òdòdó lọ sí itẹ́ òkú bí ìṣe wọn. Ti Ardith funfun báláú. Ti Orville, ewé lásán. Marlys ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín:

"Ewé lo fẹ́ kó lọ fún ìyá ẹ? Ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n ni?"

Ni Orville bá ṣí fìlà, ó lọ bá Ardith.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní òdòdó díẹ̀."

"Mi ò ní òdòdó. Pè é bó o ṣe ń pè é."



"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi ní irun wèrè díẹ̀, mo fẹ́ gbé e lọ fún ìyá mi."