Ẹnu Ta Ló Wà Nímú Memunat?

Èmi Sàlímọ́tù kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá ọmọ mi Bilkis tọ́jú ọmọ tuntun ní Abuloma, ọmúgwọ́ ni wọ́n ń pè é níbí. Ni ọkọ rẹ̀, Shamsudeen aṣọ́bodè, bá fòfin dè mí: n kò gbọdọ̀ fẹnu fa ikun nímú Memunat, ọmọ tuntun náà, mọ́. Ó ní àrùn wà lẹ́nu àgbà. Bí òun bá tún gbọ́ ọ, páàkì Rumuokoro ni òun ó gbé mi lọ, kí n máa lọ sílé.

Ẹ gbọ́ ná, ṣé ọmọ jòjòló mọ imú fọn ni? Ẹnu ni ìyá mi fi fa tèmi, ẹnu ni mo fi fa ti Bilkis. Bí Shamsudeen bá ti lọ síbi iṣẹ́, màá fà á, màá tu ú dànù, ọmọ á mí, á mu ọmú.

Nígbà tí ikọ́ wọ̀ ọ́, a gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà Ibinabo fi òwú gba ikun nímú ẹ̀, ó ní ẹ̀rọ àwọn yóò ka àbùdá, èyí tí wọ́n ń pè ní DNA, gbogbo ohun tó ń gbé níbẹ̀. Èsì dé. Ẹ̀rọ rí fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn, èyí tí gbogbo wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wá ní àwọn kòkòrò yòókù, ti arúgbó tó ń jẹ orógbó ni.

Kàkà kí wọ́n bá ẹ̀rọ jà, ọmọ ni wọ́n bá jà. Wọ́n gbé Memunat lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn àgbà. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru dé, ó fẹ́ wé e mọ́ ọn lápá, ó wé gbogbo ọmọ pọ̀. Ó bi í bóyá orúnkún ń dùn ún. Memunat figbe ta, nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń dùn ún gan-an. Ló bá lọ gbé oògùn làkúrègbé.

Bí mo bá dákẹ́, wọn á ro oògùn arúgbó sí ọmọ lẹ́nu. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Rumuokoro yá.

"Ẹ gbé e sílẹ̀!" ni mo pariwo. "Na me dey suck de nose! Ẹnu mi lẹ rí!"

Shamsudeen wò mí bí ẹni tó rí ẹrù fàyàwọ́. "Màmá, ẹ lọ palẹ̀ ẹrù yín mọ́."

Bilkis bú sẹ́kún. Dókítà Ibinabo tún yẹ èsì náà wò.

"Oga, wait first. Na two mouth dey dis pikin nose. De second one na man."

Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà nílé wa. Gbogbo wa yíjú sí i. Shamsudeen tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀.

"Kò lè mí dáadáa," ló wí, "ẹ̀yin méjèèjì sì ti sùn. Ẹ̀rù bà mí, Màmá."

Mo ti ní èébú lẹ́nu, mo gbé e mì. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Bí a ṣe dúró síbẹ̀, imú Memunat tún dí, ó ń jà fitafita. Shamsudeen gbé e, ó sì nà án sí mi níwájú dókítà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Ẹ bá mi fà á."