Alágbàfọ̀ Tí Oorun Kì í Tó

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé alágbàfọ̀ náà mọ iṣẹ́. Bó bá lọ ṣẹ́ẹ̀tì, ìlà apá rẹ̀ á gún régé. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í lè jí láàárọ̀. Aago á dún títí, ìyàwó rẹ̀ á mì í bí ẹni ń mi igi eléso, nígbà tó bá sì dìde, orí á máa fọ́ ọ, ojú á wúwo bí òkúta. Àwọn oníbàárà á ti tò síwájú ṣọ́ọ̀bù tó tì pa. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ọ̀sán.

Ìnagijẹ yẹn kò dùn ún tó ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré: "Ọ̀lẹ lọmọ yìí." Òun náà ti gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sùn wákàtí mẹ́wàá, tó tún jí tó rẹ̀ ẹ́, kí ni kó tún pe ara rẹ̀?

Lọ́dún kan, ìyá ìyàwó rẹ̀ wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ wọn. Agbẹ̀bí ni màmá yìí fún ọgbọ̀n ọdún. Kò lè jókòó ti ẹni tó ń sùn kó má wo èémí rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ọkọ ọmọ rẹ̀ sùn lọ sórí àga, ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Lójijì, kẹ́kẹ́ pa. Màmá gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka dé ogún kí ọkùnrin náà tó ta gìrì, tó mí kanlẹ̀, tó tún sùn lọ. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà tó jí, Màmá ní, "Ọmọ mi, ta ló ní ọ̀lẹ ni ọ́?"

"Màmá, gbogbo ayé kúkú mọ̀."

"Irọ́ ni wọ́n ń pa. Èémí rẹ ló ń dúró lójú oorun. Ara tó ń jìjàkadì láti mí mọ́jú, báwo ló ṣe fẹ́ jí kó má rẹ̀ ẹ́?"

Ìyàwó rẹ̀ dáwọ́ ilẹ̀ gbígbá dúró. "Háà. Èmi rò pé ìhanrun lásán ni."

Màmá fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ń pa dé bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Wọ́n yá a ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú, wọ́n ní kó máa fẹ̀gbẹ́ sùn. Màmá rán àpò kékeré sẹ́yìn aṣọ ìsùn rẹ̀, ó ki bọ́ọ̀lù kan bọ̀ ọ́.

"Bó o bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, á lé ọ padà."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò rọrùn. Ẹ̀rọ náà ń yún un nímú, ó sì ń kùn. Àmọ́ lọ́sẹ̀ kẹta, ó lajú nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Ẹnikẹ́ni kò mì í. Orí rẹ̀ fúyẹ́. Ó gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ aládùúgbò, ohun tí kò gbọ́ rí láti ìgbà tó ti ń gbé ibẹ̀. Ó rọra lọ gbé omi tíì kaná.

Ibẹ̀ ni Màmá bá a. "Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá. Mo jí ni." Ó bu tíì sínú ife kan. "Ogójì ọdún ni mo fi ń tọrọ àforíjì nítorí oorun. Ẹ ṣé tí ẹ wò mí dáadáa."

Màmá gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. "Jókòó, jẹ́ ká mu tíì."

Lọ́jọ́ tí Màmá ń padà sílé, aago mẹ́fà ìdájí ni ọkọ̀ gbéra. Alágbàfọ̀ ló gbé báàgì rẹ̀ dé ibùdókọ̀, ó sì dúró, ó ń juwọ́ títí ọkọ̀ fi yà ní kọ́nà.