Ìwé Tí Èèyàn Méjì Gbọ́dọ̀ Fọwọ́ Sí

Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì fi bírò tọ́ka sí ìlà méjì lórí fọ́ọ̀mù, ó ní kí tọkọtaya náà yan ọ̀kan. Nínú ti àkọ́kọ́, ọkọ tàbí ìyàwó lè dá wá gba owó nígbà tó bá wù ú. Nínú ìkejì, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kí owó kankan tó jáde.

"Ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́," ni ìyàwó, tó jẹ́ aránṣọ, wí. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí obìnrin náà sọ̀rọ̀ tán.

Bàbá rẹ̀, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sí àárín òun àti ọkọ rẹ̀. Òun ló mú wọn wá. Láti ìgbà tí ìyàwó Bàbá ti kú lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni ẹjọ́ tọkọtaya yìí ń dé, ẹjọ́ kan náà sì ni lóṣooṣù. Ọkọ jẹ́ panẹbítà, ó ń na ara mọ́tò tó bá tẹ̀. Bí kò bá fi owó oúnjẹ ra ọ̀dà mọ́tò, á fi mutí. Bàbá ti wá dá a lábàá pé kí wọ́n máa da owó ilé pọ̀ sí báńkì níparí oṣù, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ṣe nǹkan mìíràn.

"Ìyá mi, ronú," ni Bàbá wí. "Bó o bá mú ti àkọ́kọ́, ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọkọ rẹ yóò fi kó o tán. Ìkejì ni kẹ́ ẹ mú. Bó bá fẹ́ mú owó, yóò kọ́kọ́ bi ọ́."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kó lè dá a mú."

"Kí ló dé?"

Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀.

Panẹbítà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ lọ̀rọ̀, Bàbá. Ohun tẹ́ ẹ bá ní ká ṣe la ó ṣe."

Bàbá fi ìka tẹ ìlà kejì. Obìnrin báńkì fàmì sí i.

Oṣù méjì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní oṣù kẹta, Bàbá gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń lọ tún fèrèsé wọn tí kò padé dáadáa ṣe. Orí àtẹ̀gùn ló wà tó ti gbọ́ ohùn wọn.

"Fọwọ́ sí i."

"Owó oúnjẹ oṣù yìí ni."

"Mo ní fọwọ́ sí i. Oníbàárà mi ń dúró de gíláàsì mọ́tò rẹ̀."

"Ṣé gíláàsì la ó wá máa sè jẹ?"

Ìgbájú ló tẹ̀ lé e. Àga ṣubú. Bàbá dúró, ó fọwọ́ lé ilẹ̀kùn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò fẹ́ já wọ ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni nǹkan kan dá nínú yàrá náà, bí igi gbígbẹ. Ọmọ rẹ̀ kígbe.

Ó tari ilẹ̀kùn wọlé. Panẹbítà ti fi àyà tẹ ìyàwó rẹ̀ mọ́ tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ki bírò bọ àárín ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń ti ọwọ́ náà lórí ìwé ìgbowó báńkì. Ọrùn ọwọ́ ti yẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ kì í yẹ̀ sí. Ẹ̀jẹ̀ imú obìnrin náà ń kán sórí aṣọ iléèwé tó ń rán lọ́wọ́.

"Kọ ọ́ bó o ṣe kọ ọ́ ní báńkì! Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá mi padà láàárọ̀ yìí, wọ́n ní ìfọwọ́sí rẹ kò jọ ti ọwọ́ wọn. Ò ń mọ̀ọ́mọ̀ kọ kátikàti."

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n ni."

Kò yé panẹbítà pé ọwọ́ tí òun nílò gan-an ni òun ṣẹ́.

"Fi í sílẹ̀," ni Bàbá wí.

Panẹbítà ò tiẹ̀ yíjú. "Bàbá, ẹ káàsán o. Ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí n máa kọ́kọ́ bi í. Mo ti ń bi í láti àárọ̀."

Bàbá ki ọwọ́ bọ inú àpò, ó yọ òòlù, ó là á mọ́ ọn léjìká. Panẹbítà yí padà, ó fi orí kàn án lẹ́nu. Ètè Bàbá bẹ́, eyín kan já sí i lẹ́nu. Ó tu ú dànù. Ó tún gbé òòlù, ó fi gbá a ní orúnkún, ọkùnrin náà sì wó lulẹ̀ pẹ̀lú tábìlì àti ẹ̀rọ. Bàbá dúró lé e lórí. Ó gbé òòlù sókè, agbárí ọkùnrin náà ló ń wò.

Ọwọ́ òsì ọmọ rẹ̀ ló di èèkù òòlù náà mú.

"Bàbá, ó tó."

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì de pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọwọ́ obìnrin náà, ó bi í pé ta ló ṣe é. Ó ní ọkọ òun ni. Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde, Bàbá nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀.

"Wá sílé. Yàrá ìyá rẹ ṣófo."

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo tún fẹ́ padà sí?"

"Mi ò ní débẹ̀ mọ́ láyé mi. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mò ń lọ."

"Kí ni mo ṣe?"

Kò pariwo. "Bó bá lè dá owó náà mú, owó ni ìbá mú lọ. Ní báńkì, ẹ bi mí kí ló dé, ìṣojú rẹ̀ lẹ ti bi mí. Lónìí, mo gbọ́ ẹsẹ̀ yín lórí àtẹ̀gùn, Bàbá. Mo gbọ́ ìgbà tó dúró."

Bàbá jáde lọ pe takisí. Ó ṣílẹ̀kùn fún ọmọ rẹ̀, ó júwe ilé ọ̀gá aránṣọ fún awakọ̀, ó sanwó. Ó rọra gbé etí aṣọ rẹ̀ wọlé kí ilẹ̀kùn má bàa há a. Lẹ́yìn náà ó ti ilẹ̀kùn, ó dúró sí ẹ̀bá títì, takisí sì lọ.