Ọwọ́ Ta Ló Wà Lára Páálí?

Kò sí ohun tí Ìyá Àbẹ́rẹ́ ò lè wọ̀n. Aránṣọ ni, ojú rẹ̀ sì ti di téèpù. Bí ènìyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó tó kí i tán ni obìnrin yìí ti mọ bí èjìká rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ó sì ti mọ̀ bóyá oúnjẹ àná pọ̀ jù. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa bẹ̀ ẹ́ pé kó má wo àwọn pẹ́, kó má baà rí ohun tí àwọn ń fi aṣọ bò mọ́lẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Rédíò, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Ó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní yàrá iwájú ilé wọn, ìyàwó rẹ̀ sì ń ránṣọ ní yàrá kejì. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti lọ sílé ọkọ, ó wá ku àwọn méjèèjì, ẹ̀rọ ìránṣọ, àti òkìtì tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí àwọn tó ni wọ́n ò wá gbé mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Rédíò ní òun fẹ́ fi ṣe àpótí géèmù, irú èyí tó ga bí ènìyàn, tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun máa ń dúró níwájú rẹ̀ nígbà èwe, tí wọ́n á máa fi ọwọ́ òsì darí ọ̀pá kékeré kan, tí wọ́n á sì máa fi ọwọ́ ọ̀tún lu bọ́tìnnì bí ẹni pé bọ́tìnnì bú bàbá wọn. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Baálé mi, kò burú, àgbà náà ń fẹ́ eré." Ó tiẹ̀ bá a gé aṣọ dúdú tí wọ́n fi bo ẹ̀yìn àpótí náà.

Ṣíṣe àpótí náà kò pẹ́ rárá. Rédíò kan pákó pọ̀, ó fi sáńpépà họ ọ́, ó kùn ún ní búlúù, ó gbé tẹlifíṣọ̀n sínú rẹ̀, géèmù sì ń hàn lójú rẹ̀. Ohun tí kò tán ni pátákó iwájú, ibi tí ọ̀pá àti bọ́tìnnì máa wà. Páálí ló kọ́kọ́ fi gé e, kó lè gbé ọwọ́ lé e wò kó tó lu ihò sára pákó gidi. Ìyàwó rẹ̀ kò rí àbùkù nínú ìyẹn, òun náà máa ń gé bébà kó tó gé aṣọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe gé ti àkọ́kọ́ tán ló tì í sẹ́yìn àpótí, ó gé òmíràn. Ó tún gé òmíràn. Bí ìyàwó bá sì yọjú sí yàrá, wéré ló máa da páálí dojú dé.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìyá Àbẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkọ rẹ̀. Ó rí i pé rédíò àwọn oníbàárà ń ga sí i lórí tábìlì, ọkọ òun sì ń sọ fún wọn pé "ẹ padà wá lọ́la," ọ̀la tí kò lọ́jọ́. Ó rí i pé ó máa ń ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jọ jáde, bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ sọdá títì, ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ló máa ń dì mú. Tó bá bi í pé kí ló wà nínú àpò, á ní, "Òtútù ni." Òtútù wo nínú oòrùn tó ń jó ajá lẹ́sẹ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Rédíò lọ ra wáyà, Ìyá Àbẹ́rẹ́ wọ yàrá iwájú, ó fa àwọn páálí náà yọ lẹ́yìn àpótí. Wọ́n fi pẹ́ńsù fa ilà yí ọwọ́ ọ̀tún ká lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì gé ihò bọ́tìnnì sí iwájú ìka. Ti àkọ́kọ́, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ni: ó fẹ̀, ìka rẹ̀ gùn. Ti èkejì kéré díẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e tún kéré sí i. Èyí tó kẹ́yìn, ọwọ́ kékeré ni, ìka rẹ̀ kúkurú, àwọn ihò bọ́tìnnì sì sún mọ́ra wọn bí ọmọ adìyẹ tí òjò pa.

Fún aránṣọ, ìwọ̀n méjì, ènìyàn méjì ni. Kò sí ẹni tó máa mú bébà tó gé fún ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn, kó máa dín in, kó máa dín in, àfi tó bá fẹ́ kó bá ẹlòmíràn mu. Ó ti yé e wàyí. Obìnrin kan wà. Obìnrin náà ti ń wá gbé ọwọ́ lé páálí nínú ilé òun, nígbà tí òun bá lọ ra òwú, ọkọ òun á sì máa fi pẹ́ńsù yí ìka rẹ̀ ká ní jẹ́jẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa páálí náà ya. Ó fara dà á. Ó fi téèpù wọn ọwọ́ náà láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín, ó fi ìwọ̀n rẹ̀ sórí, ó to gbogbo rẹ̀ padà bó ṣe bá a.

Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n tí àgbà bá lo oògùn ní àlòjù, orí rẹ̀ á máa yí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọwọ́ obìnrin tó bọ́ lójú rẹ̀ mọ́ ní àdúgbò. Ó wo ọwọ́ olùkọ́ tó wá gba aṣọ, ó gùn jù. Ó wo ọwọ́ àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, ó sì yára tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Níkẹyìn, ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ onídìrí òdìkejì títì. Obìnrin kúkurú ni, ẹnu rẹ̀ dùn, ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ irun kì í sì í yé bàjẹ́, ọ̀dọ̀ Rédíò ló sì máa ń gbé e wá. Ẹ̀rọ wo ló ń bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó ni ín ò bá ní ohun tó ń wá?

Ó ránṣẹ́ pè é pé kó wá wọn aṣọ. Ó wọn èjìká, ó wọn apá, ó wá yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè.

"Àǹtí, ẹ la ìka yín."

"Ìka kẹ̀? Ṣé ìbọ̀wọ́ lẹ fẹ́ rán fún mi ni?"

"Rárá o. Ẹnu apá aṣọ yìí máa há díẹ̀, ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá."

"Ẹ ò ní pa mí o! Tí kò bá gba ibẹ̀ kọjá, ibo ni kó gbà, ọrùn?"

Onídìrí la ìka rẹ̀, ọwọ́ náà sì tàn bí abẹ̀bẹ̀. Irun dídì ti là á, ó fẹ̀ ju ti ọkùnrin míì lọ. Ojú ti Ìyá Àbẹ́rẹ́, ó ká téèpù kò. Onídìrí ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Ẹ bá mi bẹ ọkọ yín o. Ẹ̀rọ mi ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá, wọ́n á kàn jókòó, wọ́n á máa wò ó. Wọn ò fọwọ́ kàn án."

Ìyá Àbẹ́rẹ́ dáhùn pé òun ti gbọ́. Lọ́kàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà tún kó ẹ̀rí jọ ni. Ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn ló ń wo iṣẹ́ láì fọwọ́ kàn án. Kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó kọjá sí yàrá iwájú tààrà, ó bá ọkọ rẹ̀ lórí ìdúró níwájú àpótí búlúù, ó fa páálí tó kẹ́yìn yọ, ó jù ú sórí tábìlì.

"Baálé mi, ọwọ́ ta nìyí?"

Rédíò wo páálí, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Páálí lásán ni."

"Mi ò béèrè páálí. Ọwọ́ ta ni?"

"Fi sílẹ̀, Ìyá Àbẹ́rẹ́."

"Mi ò ní fi sílẹ̀! Ṣé torí pé ọmọ ti lọ sílé ọkọ, ẹ rò pé èmi náà ti lọ ni? Mo ti wọn ọwọ́ onídìrí, kì í ṣe òun. Ẹ yáa sọ ẹni náà fún mi kí n tó wọn gbogbo àdúgbò tán!"

"O wọn ọwọ́ onídìrí?"

"Mo wọ̀n ọ́n."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà, ẹ̀rín tí kò ní ayọ̀ kankan nínú. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún kúrò lápò, ó gbé e lé orí páálí.

Ó bá ilà náà mu rẹ́gí. Ìka mẹ́ta tó kẹ́yìn ti ká wọnú, àtàǹpàkò àti èkejì rẹ̀ nìkan ló ṣì nà díẹ̀. Ìyá Àbẹ́rẹ́ rò pé ó ń fi tan òun jẹ ni.

"Ẹ la ọwọ́ yín."

"Mo ti là á."

Ó di ọmọńdinrín ọkọ rẹ̀ mú, ó fà á. Kò nà.

"Kí òjò ọdún tó kọjá tó dá ló ti bẹ̀rẹ̀," Rédíò sọ. "Mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀. Nígbà tó yá, irin gbígbóná tí mo fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní tí mo bá ń fi bọ́tìnnì ṣeré, ó lè nà. Mo gé páálí ní ìwọ̀n rẹ̀. Kò pẹ́, ìka ò dé ibi bọ́tìnnì mọ́. Mo gé òmíràn. Ìyẹn náà tún ṣe bẹ́ẹ̀."

 Ká sọ òótọ́, ohun tó kọ́kọ́ wá sí Ìyá Àbẹ́rẹ́ lọ́kàn ni pé ì bá kúkú jẹ́ obìnrin. Obìnrin, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá a jà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí ni ọkọ rẹ̀ fi ń jẹun, òun ló fi tọ́ ọmọ wọn, ta ló fẹ́ bá ìka jà?

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Mò ń fi pa mọ́, mo sì ń retí kó o rí i," ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Ojú rẹ kì í tàsé. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń sọ pé òní ló máa rí i. Mò ń jẹun níwájú rẹ. Òsì ni mo fi ń mú ṣíbí. Páálí lo wá rí."

Omi bọ́ lójú Ìyá Àbẹ́rẹ́. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ó ní ilé ìwòsàn ni àwọn máa lọ lọ́la, àwọn ò ní dúró kí ilẹ̀ mọ́ tán.

"Tí wọ́n bá ní kò ní là mọ́ ńkọ́?" Rédíò béèrè.

 Ìyá Àbẹ́rẹ́ ṣì di ìka náà mú, ó sì tún ń fà á láì mọ̀, bí aránṣọ ṣe ń fa aṣọ tó ṣùpọ̀.

"Má fà á mọ́," Rédíò sọ jẹ́jẹ́. "Ó ń dùn mí."

Ó fi í sílẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ tirẹ̀ sí.