Ìgbà Kẹta Ló Ń Kú

"Auntie, please, ṣé o ti rí ìwé iṣẹ́ Uncle Francis?"

Mojọláolúwa kì í lo "ẹ" fún àgbà. Woolwich ni wọ́n bí i sí, Olúbùsọ́lá kò sì kà á sí àfojúdi. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí wọ́n sin Francis, ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin yìí ló ń bá a ṣiṣẹ́ ní lábù kẹ́míkà kan ní Thamesmead.

Láti ara sérííọ̀mù, irin kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, ni Francis ti ń ṣe kírísítà wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí ọ̀kan nínú wọn. Bí wọ́n bá kó jọ, wọ́n á dà bí ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú. Bí wọ́n bá bù ú sínú èròjà oògùn, iṣẹ́ ọjọ́ méjì á parí ní wákàtí kan. Wọ́n á sẹ́ ẹ jáde, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un lò. Francis ní ó di ìgbà mẹ́wàá kí agbára rẹ̀ tó dín. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni iyì nìyẹn. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọ̀gá wọn dìde níwájú ìjọ, ó ní àwọn máa fi orúkọ rẹ̀ pe lábù náà.

"Ìgbà kẹta tí mo bá lò ó ni tèmi ń kú," Mojọláolúwa wí. "Mo ti ṣe é títí, ó ti sú mi. Ọ̀gá ní ọwọ́ mi ni kò mọ iṣẹ́. Tí kò bá ṣiṣẹ́ kó tó di Friday, wọ́n máa lé mi. Something wà tí Uncle ń ṣe tí mi ò mọ̀."

"Mi ò rí ìwé kankan."

Irọ́ ni. Ìwé náà wà lábẹ́ gèlè nínú wọ́dúróòbù. Gẹ̀ẹ́sì àti nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀. Arúgbó ni Olúbùsọ́lá ń tọ́jú jẹun, kò lóye wọn, àfi ìwọ̀nba ìlà tí Francis fi Yorùbá kọ kí àwọn ará ibi iṣẹ́ má baà lè kà á:

"Ìgbà kẹta, ó kú. Mo dà á nù, mo fi tuntun rọ́pò. Mo sọ fún wọn pé èyí àtijọ́ náà ni. Olúwa, dárí jì mí."

Ó wo ìta lójú fèrèsé. Mojọláolúwa ti jáde, ó ti dé etí adágún Birchmere tó wà níwájú ilé, ó fọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Olúbùsọ́lá ro ìjọ. Ó ro bí wọ́n á ṣe máa pe orúkọ Francis láti ìsinsìnyí lọ. Ó ṣí fèrèsé.

"Mojọlá! Padà wá!"

Nígbà tó gba ìwé náà, ọmọbìnrin ọ̀hún tẹjú mọ́ ojú ewé yẹn títí.

"Auntie, mo ń gbọ́ Yorùbá, but mi ò lè kà á. Kí ló kọ síbí? Àdúrà ni?"

Ì bá rọrùn láti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Olúbùsọ́lá gba ìwé náà padà.

"Ọwọ́ rẹ kò ní àléébù kankan, ọmọ mi," ó ní. "Mú bírò. Bí mo bá ṣe ń kà á, máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì."