Ihò Mẹ́fà Tó Ṣófo

Ó KÀN Ọ́, ni ojú kọ̀ǹpútà ń wí, lẹ́tà pupa tó ń tàn, tó ń kú, tó tún ń tàn. TA AYÒ RẸ.

Ihò mẹ́fà tó jẹ́ ti Bàbá Àjíṣafẹ́ ṣófo. Gbogbo ọmọ ayò tó kù wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì dákẹ́, ó ń dúró dè é.

"Ó ní ó kàn yín, Bàbá," Mildred wí. Òun ni tíṣà tó ń bá bàbá náà tẹ bọ́tìnì.

"Kí ni kí n ta? Ṣé kí n ta ìka ọwọ́ mi ni?"

Ẹ̀rín sọ nínú kíláàsì náà. Mildred tẹ bọ́tìnì kan, ẹ̀rọ ké pín-ín. Ó tẹ òmíràn. Pín-ín. Níta, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n yá ní ṣọ́ọ̀ṣì ń kùn bí ẹni tínú ń bí.

"Ẹ jẹ́ kí n pa á, kí n tún un tàn," Akínrẹ̀mí, ẹni tó gbé ẹ̀rọ náà wá láti Èkó, wí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì bí ẹni tó ń wá okùn iná. Ibi tí yóò fi ojú pamọ́ sí ló ń wá.

Ó mọ ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Nínú gbogbo Ìlútítun, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ọdún 1997 ni, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ ohun tí ènìyàn ń wọ aṣọ ìkórè lọ wò. Eré ayò tí Akínrẹ̀mí àti ilé iṣẹ́ kékeré kan ṣe ní Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí àtẹ ni. Òun ló kọ òfin ayò sínú rẹ̀, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ lórí ọpọ́n nígbà tó wà ní kékeré. Gbogbo òfin gbọ́ràn, àfi ẹyọ kan. Òfin yìí ní bí ẹnìkejì rẹ kò bá ní nǹkan kan nílẹ̀ mọ́, ìwọ tó ní gbọ́dọ̀ ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí òun náà lè rí nǹkan tà. "Bọ́ ọ," ni àwọn àgbà máa ń wí. Nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá dé ìdí òfin yìí, yóò rò ó, yóò rò ó, yóò wá gan pa. Ọjọ́ tí wọ́n dá láti gbé eré náà jáde sì ti dé tán. Akínrẹ̀mí yọ òfin náà dànù. Ta ni yóò ta á débẹ̀? Àwọn ọmọ ọ́fíìsì ló máa rà á, wọn yóò fi ṣeré díẹ̀ kí ọ̀gá tó wọlé.

Wọ́n ta á débẹ̀. Wọ́n ń fi fóònù pè é láti Ìkẹjà, láti Ìbàdàn, pé eré náà ń dúró gbagidi. "Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn," ni ó ń sọ fún gbogbo wọn.

Ìyẹn nìkan ì bá tó ìtìjú. Ṣùgbọ́n òun náà ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí eré náà, lábẹ́ àwòrán ọpọ́n: BÍ LUCAS ADÉJỌBÍ TI ÌLÚTÍTUN ṢE Ń TA Á.

Lucas Adéjọbí, bàbá tó bí i, ló jókòó síwájú yìí, tí páálí wà lórí itan rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Akínrẹ̀mí ti fi páálí náà ránṣẹ́ ni bàbá ti ń gbé e kiri, láti ibi tí wọ́n ti ń fún epo títí ká gbogbo ilẹ̀ Osooro, tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ han ẹni tó mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. "Wọ́n ti kó mi sínú ẹ̀rọ," ló ń wí. "Bí mo bá kú, ẹ ṣì máa bá mi ta."

Bàbá Àjíṣafẹ́ bọ́ ìgò ojú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Lucas."

"Mo ń gbọ́."

"Báyìí lo ṣe ń ta á? O gba ti ọwọ́ mi tán, o wá ní kí n ta?"

Kò sí ọmọdé Ìlútítun tí kò mọ ohun tí àwọn àgbà ń ṣe fún ẹni tó bá febi pa ẹnìkejì rẹ̀ lórí ayò. Wọn yóò da ọpọ́n dé níwájú rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò gbọ́dọ̀ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ta mọ́. Ẹ̀gbẹ́ àwọn òpè tí kò mọ ayò ta ni yóò jókòó sí, tí yóò máa wòran, títí ìkórè yóò fi yípo. Òpè kì í sì wojú ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Akínrẹ̀mí rí i rí, ọkùnrin tí wọ́n ṣe é fún sì kó lọ sí Òde-Ìrèlè.

"Bóyá ẹ̀rọ ló..." Mildred bẹ̀rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ̀rọ kò bí ara rẹ̀. Lucas ni mò ń bi. Ṣé ìwọ lo kọ́ ọmọ yìí pé kó má bọ́ ènìyàn, àbí òun ló ṣe tirẹ̀?"

Akínrẹ̀mí la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n rẹ̀: èmi ni, mo mọ̀ ọ́n, mo yọ ọ́ ni. Ó wá rí ojú àwọn ènìyàn, àwọn tó ń pè é ní Ẹnjiníà láàárọ̀, àwọn ìyá tó ní kó gbàdúrà fún ọmọ àwọn. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ń wá okùn iná.

Bàbá rẹ̀ ń wò ó. Ó wò ó dáadáa, bí ìgbà tó ń ka ayò inú ihò láìfọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ó gbé páálí kúrò lórí itan, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀.

"Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

"Lucas! Ìwọ?"

"Mo ní èmi ni. Ẹ ṣe é bí ẹ ti ń ṣe é."

Wọ́n ti gbé ọpọ́n àwọn àgbà wá láti fi wé ti inú ẹ̀rọ. Bàbá Àjíṣafẹ́ kó ọmọ ayò kúrò nínú rẹ̀. Ó da ọpọ́n dé níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, igi sì ró gbà lórí sìmẹ́ńtì.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Akínrẹ̀mí gbé ẹ̀rọ mọ́yà, bàbá rẹ̀ sì ká okùn iná sí èjìká. Ọ̀rọ̀ òjò ni bàbá ń sọ. Ó ní òjò ọdún yìí ti ń pẹ́ jù, pé ẹyìn kò pọ́n dáadáa. Àwọn tí wọ́n pàdé ń kí wọn: "Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o!" Kíkí náà ń gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹ̀sín òun rèé, lórí àgbà tó ń lọ níwájú òun, ó sì rù ú bí ẹni ru okùn iná lásán.

Akínrẹ̀mí kò lè jẹ òkèlè púpurú tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé ọpọ́n ilé jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi aṣọ nu eruku rẹ̀.

"Bá mi ta ẹyọ kan, ọma mi. Wọn ò sọ pé kí n má bá ẹni tí mo bí ta."

Wọ́n ta á. Kò pẹ́ tí apá Akínrẹ̀mí fi gbẹ, ihò kan lẹ́yìn èkejì. Ó kù ọwọ́ kan péré kí bàbá gba gbogbo rẹ̀ tán. Akínrẹ̀mí rí i. Ọwọ́ bàbá dé orí ihò náà, ó dúró, ó kọjá. Odù ńlá, ihò tí ọmọ ayò ti kún, tó wà ní ìparí ni bàbá kó, ó sì ń jù wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ré ààlà kọjá, wọ́n ń bọ́ sínú àwọn ihò tó ṣófo.

Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ìdí ọpọ́n yìí ni bàbá ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Akínrẹ̀mí fi kọ òfin náà sínú ẹ̀rọ, ọwọ́ náà ló sì fi pa á rẹ́.

"Ó kàn ọ́," bàbá rẹ̀ wí.

Akínrẹ̀mí na ọwọ́ sí ayò, ó tún fà á sẹ́yìn.

"Bàbá, ṣé Bàbá Àjíṣafẹ́ ṣì máa ń jókòó síta nírọ̀lẹ́?"

"Títí ẹ̀fọn yóò fi lé e wọlé."

Ó dìde, ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ ní kíláàsì ti tún dé orí ahọ́n rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò gbójú sókè. Ó kàn na apá lé orí ọpọ́n, kí adìyẹ má baà tú ayò náà ká kí ọmọ rẹ̀ tó padà dé.